Àgbà Tí Ó Wà Lọ́jà: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi Nínú Àwọn Ìwé Kan Lórí Ìpẹ̀yàrun Rùwáńdà

Ìfáárà

Láàárín ọjọ́ 7 oṣù kẹrin àti àárín oṣù keje ọdún 1994, wọ́n pa àwọn Tútsì ilẹ̀ Rùwáńdà, pẹ̀lú àwọn Hútù tí kò gbà láti lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1999 lábẹ́ Ingvar Carlsson fi iye òkú sí nǹkan bí 800,000. Ẹjọ́ àwọn tí ó pa wọ́n kọ́ ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dá. Ilé-ẹjọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Arusha ti dá ti àwọn ọ̀gá wọn, ilé-ẹjọ́ gacaca ní Rùwáńdà fúnra rẹ̀ sì ti dá ti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ohun tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀wé gbà pín ẹ̀bi fún àwọn tí kò gbé àdá, tí wọn kò pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e, ṣùgbọ́n tí ó wà ní ipò láti di apànìyàn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n sì wo ibòmíràn.

Ìwé mẹ́ta ni yóò gba àkókò jù lọ. Ìkíní ni ti Samantha Power, ará Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2002, "A Problem from Hell": America and the Age of Genocide. Èkejì ni ti Roméo Dallaire, ará Kánádà, ọ̀gágun tí ó darí àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ ní Kigali, Shake Hands with the Devil (2003). Ẹ̀kẹta ni ìtàn àròsọ Boubacar Boris Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, Murambi, le livre des ossements (2000). Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ní ti ẹ̀yà lítíréṣọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ìwádìí ìtàn, ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìgbésí-ayé ẹni, ọ̀kan jẹ́ àròsọ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń dáhùn, ìdáhùn wọn kò sì bára mu.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó ṣáájú

Àwọn tí ń fi èdè Yorùbá ròyìn sábà máa ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Rùwáńdà ní ìpakúpa. Ẹni tí ó bá mọ bí èdè yìí ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò rí i pé ìpakúpa bá ìjẹkújẹ àti ìsọkúsọ tan. Ẹni tí ń jẹ ìjẹkújẹ kì í yan oúnjẹ. Ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ kì í yan ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń pa ìpakúpa kò yan ẹni tí yóò pa. Òdìkejì èyí gan-an ni ti Rùwáńdà. Yíyàn ni wọ́n yàn wọ́n. Káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní àwọn ọdún 1930, tí wọ́n kọ ẹ̀yà sí lára, ni àwọn tí ó dúró sí ìdènà ojú ọ̀nà ń gbà wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò kọjá àti ẹni tí kò ní í kọjá. Orúkọ àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ pa ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó já ọkọ̀ òfúrufú Ààrẹ Habyarimana lulẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Rédíò RTLM ń ka orúkọ ènìyàn àti ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí bí ẹni tí ń ka ìkéde òkú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Bí ó bá jẹ́ ìpakúpa ni, a jẹ́ pé ó dà bí ìjì tàbí bí wèrè tí ó já wọ ọjà. Kò sí ẹni tí í bi ará àdúgbò pé kí ló dé tí kò dá ìjì dúró. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ṣètò ni, a jẹ́ pé ó ní olórí, ó ní ọ́fíìsì, ó ní rédíò, ó ní ọ̀nà tí owó àti ohun ìjà ń gbà wọlé, gbogbo ìwọ̀nyí ni ọwọ́ sì lè tó. Ọgbọ́n tí àwọn ìjọba ńlá dá ní oṣù kẹrin ọdún náà ni láti pe ètò ní ìjì. Ní Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò, ogun abẹ́lé ni wọ́n ń pè é, ìdáwọ́-ìjà-dúró láàárín ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ RPF ni wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún, títí tí Karel Kovanda, aṣojú ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, fi sọ pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bẹ Hitler pé kí òun àti àwọn Júù dáwọ́ ìjà dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí yóò kú ti kú tán, Christine Shelley tí ń gbẹnu sọ fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ṣì ń yí ọ̀rọ̀ po níwájú àwọn oníròyìn. Ó gbà pé "ìwà" tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ti wáyé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ pe odindi nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1948 di ẹrù ìdènà ru ìjọba tí ó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń pa ẹ̀yà kan run. Nítorí náà, ìpẹ̀yàrun ni ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò. Àwọn tí ń kọ ìròyìn ní èdè Yorùbá ì bá ṣe dáadáa bí wọ́n bá fi ìpakúpa sílẹ̀ fún ohun tí ó tọ́ sí i.

Òwe gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Àwọn Yorùbá sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ti di ohun tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ibi ìkówójọ, ó sì ti sọ ẹnu rẹ̀ nù díẹ̀. Bí ènìyàn bá tún un gbé yẹ̀ wò, yóò rí i pé ó ṣe pàtó gidigidi. Ọjà ni ó mú, kò mú agbo-ilé. Nínú agbo-ilé, ẹbí ni gbogbo ènìyàn, ẹbí sì ni í mú wọn dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Ní ọjà, àlejò pọ̀ ju ojúlùmọ̀ lọ. Òwe náà kò sọ ọmọ ta ni. Kò sọ pé àgbà náà ni ó pọn ọmọ, tàbí pé òun ni ó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ wọ́. Ìyá ọmọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú lẹ́yìn. Ohun mẹ́ta péré ni ó so ẹrù mọ́ àgbà lọ́rùn: ó wà níbẹ̀, ó rí i, ohun tí yóò ṣe sì wà ní agbára rẹ̀. Ọmọdé tí ó wà lọ́jà kan náà kò jẹ̀bi, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Àgbà tí ó wà lóko kò jẹ̀bi.

Ó ya ni lẹ́nu bí èyí ṣe sún mọ́ ohun tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague sọ ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2007, nígbà tí ó dá ẹjọ́ Bọ́síníà àti Sẹ́bíà. Ilé-ẹjọ́ náà kò dá Sẹ́bíà lẹ́bi pé òun ni ó pa àwọn ará Srebrenica. Ó dá a lẹ́bi pé kò dènà rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó lò ni agbára tí ìjọba kan ní lórí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ibi náà, bí ó ti sún mọ́ wọn tó, àti bí àjọṣe wọn ti rí. Láti ìgbà tí ìjọba náà bá ti mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, pé ewu náà ń bọ̀ ni ẹrù ti dé orí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà tún sọ pé kì í ṣe àwíjàre fún ìjọba kan láti wí pé bí òun tilẹ̀ sa gbogbo agbára òun, kò bá má tó. Ìsapá ni òfin béèrè, kò béèrè àṣeyọrí.

Òwe mìíràn wà tí ó jọ ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí kò rí bákan náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ìfẹ́-ara-ẹni ni ìpìlẹ̀ èyí. Ogun Kóńgò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 fi hàn pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í ṣe òṣùwọ̀n yóò jẹ́ kí gbogbo ẹni tí oorun rẹ̀ kò dàrú lọ lómìnira.

Àkọlé Dallaire àti ìwé Dallaire

Àkọlé kékeré tí ó wà lábẹ́ ìwé Dallaire sọ pé ìkùnà ẹ̀dá ènìyàn ni ó ṣẹlẹ̀ ní Rùwáńdà. Ibí yìí ni lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ gbà fún un. Bí gbogbo ẹ̀dá ènìyàn bá kùnà, kò sí ẹni kan tí ó kùnà. Àgbẹ̀ tí ó wà ní oko rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Saskatchewan bá aṣojú tí ó na ọwọ́ sókè ní New York dọ́gba. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Ààrẹ Clinton sọ nígbà tí ó dé Kigali ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1998, tí kò kúrò ní pápákọ̀ òfúrufú títí tí ó fi padà: àwùjọ àgbáyé, pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, gbọ́dọ̀ gba ìpín tiwọn nínú ẹ̀bi náà, àwọn tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kò tètè mọ bí nǹkan náà ti jinlẹ̀ tó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sọ pé nǹkan di ṣíṣe láìsí olùṣe. Èdè Yorùbá kò gba èyí. Ó gbọ́dọ̀ fi arọ́pò-orúkọ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí yangàn, nítorí "wọ́n" tí Yorùbá ń lò lè ṣófo bí igbá tí kò ní nǹkan nínú. "Wọ́n ní" ni irọ́ ti í bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ìwé Dallaire sàn ju àkọlé rẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe pàtó. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, ó tẹ wáyà sí New York pé ẹnì kan tí ó wà láàárín àwọn tí ń kọ́ jàǹdùkú ti sọ fún òun nípa ibi tí wọ́n kó ìbọn pamọ́ sí, àti pé wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn Tútsì sílẹ̀. Ó fẹ́ lọ kó àwọn ìbọn náà. Ẹ̀ka tí ń bójú tó iṣẹ́ apẹ̀tùsááwọ̀, tí Kofi Annan jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, dá a lóhùn pé kò gbọdọ̀ ṣe é, kí ó lọ sọ fún Habyarimana. Wọn kò gbé wáyà náà síwájú Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò. Nígbà tí wọ́n pa olórí ìjọba obìnrin, Agathe Uwilingiyimana, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, tí wọ́n sì pa àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá tí ó lọ ṣọ́ ọ, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù pinnu láti kó àwọn tí ó kù lọ, ó sì ń lọ káàkiri pé kí àwọn yòókù kó tiwọn pẹ̀lú.

Àlàyé kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń sọ pé "kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe" kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Kigali tí wọ́n ń pè ní ETO, nǹkan bí 2,000 ènìyàn sá wọ abẹ́ àṣíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn apànìyàn wà níta ọgbà, wọn kò wọlé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ogun wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, wọ́n kó àwọn òyìnbó tí ó wà láàárín wọn lọ, àwọn ọmọ ogun sì tẹ̀lé wọn. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà yìí, àwọn ọmọ ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù tí ó dira ogun balẹ̀ sí Kigali, wọ́n kó àwọn ará ìlú wọn, wọ́n sì lọ. Ọwọ́ tó orí ọmọ náà. Ọmọ mìíràn ni wọ́n wá gbé.

Ìbànújẹ́ tí ó kún inú ìwé Dallaire jẹ́ ìṣòro fún òǹkàwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan, tí ó dúró, ni ó ń jẹ ara rẹ̀ níyà fún gbogbo àwọn tí ó lọ, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe ènìyàn títí tí ojú yóò fi kúrò lára ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé.

Àgbà kan ṣoṣo ní ọjà Power

Ìwé Power kò ní àléébù yìí. Ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ó mọ ilé, ó mọ yàrá, ó mọ àga. Nígbà tí àwọn kan dá a lábàá pé kí Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ dí rédíò RTLM lẹ́nu, ìwé kan jáde láti iléeṣẹ́ ológun wọn ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún pé ọkọ̀ òfúrufú tí yóò ṣe iṣẹ́ náà yóò ná wọn ní nǹkan bí 8,500 dọ́là ní wákàtí kan, pé kò sì ní í wúlò tó owó rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé béèrè ọkọ̀ ogun onírin àádọ́ta, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń jiyàn lórí owó yíyá rẹ̀ àti owó gbígbé e. Power kò pe èyí ní ìkùnà. Ohun tí ó sọ, tí ó sì jẹ́ kókó ìwé náà, ni pé ètò náà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ ti fẹ́. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà 18 kú ní Mogadishu ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n má ṣe lọ síbi kankan, wọn kò sì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí mú ju gbogbo ìkéde àbámọ̀ lọ.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé àgbà kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọjà rẹ̀. Washington ni ibùdó ìtàn náà; Kigali jìnnà, ohùn àwọn tí ń kú kò fi bẹ́ẹ̀ dé inú ìwé, Áfíríkà yòókù sì dà bí ẹni pé kò ní aṣojú kankan níbikíbi. Bákan náà, nígbà tí ó sọ pé àwọn òṣèlú kò ṣe nǹkan kan nítorí pé ará ìlú kò pariwo sí wọn létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹ̀bi padà sí orí gbogbo ayé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò. Ẹni tí a fi jẹ àgbà ni a fún ní ojú láti rí. Kò yẹ kí ó máa dúró de ariwo ọjà. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ jókòó sí àga aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 2013 sí 2017, ní àkókò ogun Síríà, àwọn tí ó ti ka ìwé rẹ̀ kò sì gbàgbé láti fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò bà ìwé náà jẹ́. Bóyá ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún un.

Alan Kuperman ni ó ta ko àwọn méjèèjì jù. Nínú ìwé tí ó kọ ní 2001, ó ṣírò iye ọjọ́ tí yóò gba Amẹ́ríkà láti gbé ọmọ ogun dé Rùwáńdà láti ìgbà tí Clinton lè mọ̀ dájú, ó sì ní ìwọ̀n àwọn tí wọn ì bá gbà là kò lè ju nǹkan bí 125,000 lọ, kì í ṣe gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí Dallaire ti gbà gbọ́ pé 5,000 ọmọ ogun tí ó dira dáadáa ì bá ti ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ní kíkà nítorí pé kò fi omijé ṣírò. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó wù ú: ó ka ọmọ ogun tí yóò ti Amẹ́ríkà gbéra, kò fi ìwọ̀n kan náà ka nǹkan bí 2,500 tí ó ti wà ní Rùwáńdà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn kúrò, tàbí àwọn tí ó balẹ̀ wá kó òyìnbó. Ó sì fẹ́ kí àgbà mọ̀ dájú pé ọrùn ọmọ ti kán kí ó tó na ọwọ́. Òfin 1948 kò sọ bẹ́ẹ̀, òwe kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí a tilẹ̀ gbà fún un pátápátá, 125,000 ènìyàn ju gbogbo ará ìlú kan lọ.

Ẹni tí ó gba epo

Murambi Diop lo ohùn púpọ̀. Ẹ̀dá ìtàn kan sọ tirẹ̀, òmíràn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, apànìyàn náà sì ní àyè láti sọ tirẹ̀ láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé dá sí i. Cornelius Uvimana padà wálé ní 1998 láti Djibouti, ó wá rí i pé baba òun, Dókítà Joseph Karekezi, ni ó ṣètò ikú àwọn ènìyàn tí ó kó jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Murambi, ìyàwó àti àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wà lára wọn. Ìjíròrò tí ó wà láàárín Karekezi àti ọ̀gágun Faransé Étienne Perrin ni ó kan àyẹ̀wò yìí. Perrin kò fẹ́ràn dókítà náà. Ó kórìíra ohun tí ó ṣe. Síbẹ̀ òun ni ó wá mú un sá lọ. Karekezi mọ̀ ọ́n, ó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó yé e pé ìkórìíra ọ̀gágun náà kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe.

Òwe àgbà lọ́jà kò bá ibí yìí mu. Èyí tí ó bá a mu ni pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Faransé kì í ṣe aláìdásí. Láti 1990 ni ó ti ń fún ọmọ ogun Habyarimana ní ìbọn àti ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ tí Vincent Duclert darí, tí ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021, sọ pé ẹ̀bi ìjọba Faransé wúwo gidigidi, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹ̀rí pé ó jẹ́ alájọṣe nínú ìpẹ̀yàrun náà. Ohun tí Ààrẹ Macron sì tún sọ ní Kigali ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún náà nìyẹn. Diop ti dáhùn sí ìyàtọ̀ yìí ní ogún ọdún ṣáájú. Nínú ìtàn rẹ̀, Perrin kì í ṣe alájọṣe bí òfin ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ajá ni ó di àkàbà mú.

Ọmọ ogun Gánà àti ìbò Nàìjíríà

Ohun kan wà tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ fún ní ipò. Ọ̀gágun Henry Anyidoho, ọmọ Gánà tí ó jẹ́ igbá-kejì Dallaire, kọ ìwé tirẹ̀, Guns Over Kigali, tí wọ́n tẹ̀ ní Accra. Kì í ṣe ìwé tí ń wá ẹwà èdè. Ọ̀rọ̀ ológun ni, tí ó ń ka àpò ìrẹsì àti ike omi. Ṣùgbọ́n ó sọ bí àwọn ọmọ Gánà ṣe dúró nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, àwọn sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kù, láìní ọkọ̀ onírin àti láìní oògùn tí ó tó. Kápítéènì Mbaye Diagne ti Sẹ̀nẹ̀gà, tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn kọjá ìdènà díẹ̀ díẹ̀ títí tí ọta àgbá fi pa á ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Bí Power bá wo ibí yìí, kò bá ti rí i pé ọrọ̀ kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di àgbà.

Ó wá ku Nàìjíríà. Nàìjíríà wà lọ́jà. Ó jókòó sí Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ní 1994 àti 1995, Ibrahim Gambari sì ni aṣojú rẹ̀. Aṣojú ìjọba tí ń pa ènìyàn ní Rùwáńdà pẹ̀lú jókòó sí tábìlì kan náà, nítorí ó bọ́ sí àkókò tiwọn. Ní àárín oṣù kẹrin, Nàìjíríà gbé àbá kan jáde ní orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ṣègbè, pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun náà. Àgbà rí orí ọmọ, ó sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Boutros-Ghali gbé ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀, pé kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kún un, tàbí kí wọ́n dín in kù sí 270, tàbí kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, Ìgbìmọ̀ mú ìkejì. Ìpinnu 912 ni, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó dìbò fún un, Nàìjíríà wà lára wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pa àwọn ènìyàn tí ó wà ní Murambi, ibi tí Diop fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀.

Àwíjàre wà. Ọmọ ogun Nàìjíríà ti wà ní Làìbéríà láti 1990, owó ń lọ síbẹ̀. Ìjọba Abacha tí ó rán aṣojú náà kò ní ẹnu tí yóò fi bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ènìyàn. Ìbò ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè yí ohun tí àwọn ńlá ti pinnu padà. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ilé-ẹjọ́ The Hague sọ pé kì í ṣe àwíjàre. Aṣojú lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ìpinnu náà yóò ṣì kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan yóò wà nínú ìwé pé ó kọ̀. Kò sí. Ìgbìmọ̀ tí Ketumile Masire darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìfi bò nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2000, ó sì rán wọn létí pé ní ìpàdé Tunis ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Sindikubwabo, ààrẹ ìjọba apànìyàn, jókòó láàárín àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2000 kan náà, ní Lomé, àwọn olórí wọ̀nyí buwọ́ lu òfin tuntun tí abala kẹrin rẹ̀ fún àjọ wọn ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè tí ìpẹ̀yàrun bá ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n kọ. Wọn kò kọ ọ̀ranyàn.

Nínú Murambi, Michel Serumundo, ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ní Kigali, rò ó nínú ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpẹ̀yàrun náà pé ìdíje Ife Àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ayé kò sì ní í ráyè fún ohun mìíràn. Àwọn ará Áfíríkà pàápàá yóò sọ nígbà ìsinmi ààbọ̀ eré pé àwọn wọ̀nyí ń dójú ti gbogbo wa, wọn yóò sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò fi bínú, nítorí òun náà ti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn lámèyítọ́ tí ń kọ̀wé ní Faransé kì í sábà dúró lórí ibí yìí, Perrin ni wọ́n máa ń sáré bá. Ó yẹ kí òǹkàwé Nàìjíríà dúró. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá rí nínú ìdíje náà sínú àwọ̀n Bùlùgéríà. Ní ọjọ́ kejì ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò dìbò lórí ìpinnu 929, èyí tí ó fún Faransé ní àṣẹ láti wọ Rùwáńdà. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá gbà, márùn-ún kò dìbò, Nàìjíríà sì wà lára àwọn márùn-ún náà pẹ̀lú Bùràsíìlì, Ṣáínà, New Zealand àti Pakistan. Ẹni tí ó bá ranti epo àti àjà kò ní í yára bá wọn wí fún èyí. Ti ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ni ó le láti ṣàlàyé. Ẹni tí yóò túmọ̀ èrò Serumundo sí Yorùbá yóò sì ní láti pinnu, kí ó tó kọ gbólóhùn ìsinmi eré náà sílẹ̀, bóyá "wọn" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí "a".